Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti múra fún másítàsì RF (ìmọ̀ ìgbì rédíò), báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ọmọ Ìjẹdè: Ẹ kú ilé o. Máíkíròwéfù àti RF ni mo fẹ́ kà ní másítàsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, kí lẹ kọ́kọ́ gbájú mọ́?

Alágbà Áńténà: Maxwell, ìyẹn ìṣirò iná mànàmáná àti mágínẹ́ẹ̀tì. Ìyókù á tẹ̀lé e.

Bọ̀dá Sàbó: Alágbà, ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Maxwell ò yé mi títí mo fi parí HND. NanoVNA kékeré kan, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn áńténà, ló là mí lójú. Mo ní kí n ṣe áńténà 100 MHz. 300 (ìyára ìmọ́lẹ̀, ní mílíọ̀nù mítà ní ìṣẹ́jú àáyá) pín sí 100, mítà 3 ni ìgbì rẹ̀. Mo gé wáyà ní ìdajì, mítà kan àbọ̀. Mo so ó, kò bá 100 mu, ìsàlẹ̀ ló bọ́ sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e ṣín-ín-ṣín-ín, àmì orí Smith chart, àwòrán tó ń fi ohm áńténà hàn, ń rìn lójú mi kòrókòró, títí ó fi dé 50 ohm tí mò ń wá. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo ohun tí lẹ́kítọ̀ ń wí tó yé mi.

Alágbà Áńténà: Irọ́. 73 ohm ni dipole, áńténà apá méjì bíi tìẹ yẹn. Báwo lo ṣe rí 50?

Bọ̀dá Sàbó: Mo tẹ apá rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀ ni, sà.

Alágbà Áńténà: Ẹn-ẹ́n. Ó dáa.

Màmá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí tá a fi ń mú ọbẹ̀ gbóná náà lọmọ yìí fẹ́ lọ kà?

Ọmọ Agbọ̀wà: Ìgbì kan náà ni, mọ̀mí. 2.45 GHz nìyẹn, WiFi ilé yín ò jìnnà sí i.

Dé Fìlà: Ìtòsí òpó rédíò VON (Voice of Nigeria) n'Íkòròdú ni mo dàgbà sí. Ṣé wọn ò lè fún mi ní másítàsì bẹ́ẹ̀? 😂

Alágbà Áńténà: Shortwave nìyẹn, 3 sí 30 MHz, kì í ṣe máíkíròwéfù. Padà lọ sùn.

Ará Ẹ̀pẹ́: Bọ̀dá Sàbó, HND kẹ̀? Wọ́n sì gbà yín?

Bọ̀dá Sàbó: PGD, ìyẹn díplómà lẹ́yìn HND, ni mo kọ́kọ́ ṣe.

Ọmọ Agbọ̀wà: Èmi náà ṣe é, inú ṣì ń bí mi! Ẹni tó ní BSc kàn ń wọlé lọ ní tiẹ̀. Transcript mi tún wá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti tilẹ̀kùn. Àbúrò, kó o tó ra wáyà kankan, lọ béèrè transcript.

Ará Ẹ̀pẹ́: Ẹ má bínú o, ìṣirò yunifásítì jinlẹ̀ ju ti póli lọ.

Ọmọ Agbọ̀wà: Ta ló sọ fún ẹ? Wá solder SMA kan, ẹnu wáyà áńténà yẹn, lójú mi.

Ará Ẹ̀pẹ́: Ṣé SMA ni wọ́n fi ń yanjú Maxwell?

Màmá Ìbejì: Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀.

Iná Ò Sí: HFSS, sọfitiwia tí wọ́n fi ń dán áńténà wò lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n. Qucs àti openEMS, ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ Ìjẹdè: Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n Sàbó, ẹ̀rọ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín?

Bọ̀dá Sàbó: Ó wà. Wá ní Sátidé, mú wáyà tìẹ dání.