Orúkọ wo la máa fún síkánà tó ń ka nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bùọ̀dá tó ń túmọ̀ ìwé ìlò síkánà àfọwọ́mú sí Yorùbá fáwọn tó ń ṣiṣẹ́ láíbìrì kó ọ̀rọ̀ mẹ́ta wá: síkánà ni "ẹ̀rọ ayàwòrán", ISBN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, ni "orúkọ ìwé", Bookland tó wà nínú sẹ́tíǹgì ẹ̀ ni "Ilẹ̀ Ìwé". Mo kà á, mi ò gbà.

Ayàwòrán kẹ̀? Kámẹ́rà lèèyàn máa rò. Kódà tí kámẹ́rà bá wà nínú ẹ̀, kì í ṣe fọ́tò la ń retí, ìlà dúdú ẹ̀yìn ìwé ló ń kà, á wá tẹ nọ́ńbà tó bá rí sínú kọ̀ǹpútà bí ìgbà téèyàn fi kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan ti ní ká pè é ní "akàlà", ìyẹn a-kà-ìlà, ó dùn lẹ́nu, àmọ́ mélòó nínú wa ló ń fi àmì sọ́rọ̀ lórí fóònù? Ẹ yọ àmì kúrò, ẹyẹ àkàlà ló bà lé wa lórí yẹn. "Akàmì" tẹ́ mi lọ́rùn jù, ká ṣáà kọ "síkánà" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ torí òun ni wọ́n máa béèrè ní Computer Village.

"Orúkọ ìwé", àkọlé nìyẹn lẹ́nu gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ ó jẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀.

Bookland gan-an ló lẹ́jọ́ nínú. Nọ́ńbà iwájú lára àmì onílà dúdú tó ń wà lára ọjà máa ń tọ́ka sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti gbà á, ìwé wá gba 978 tiẹ̀ bíi pé ìlú kan wà tó ń jẹ́ Bookland, 979 dé lẹ́yìn. ISBN jẹ́ oní-10, ìyẹn nọ́ńbà mẹ́wàá, títí 2006 fi parí, láti January 2007 ló ti di oní-13. Tẹ́ ẹ bá wá kọjú síkánà sí àmì Bookland nínú ìwé ìlò ẹ̀, tẹ́ ẹ sì mú oní-10, á gé 978 iwájú dànù, á tún nọ́ńbà ìgbẹ̀yìn ṣírò, ó tiẹ̀ lè já sí X. Ìwé tó bá fi 979 bẹ̀rẹ̀ ò ní oní-10 rárá ní tiẹ̀.

Tiwa tún lọ́jú pọ̀, torí 978 náà ni nọ́ńbà tí wọ́n fún Nàìjíríà nínú ISBN, 978-978 lẹ máa rí lẹ́yìn ìwé tí National Library fún ní nọ́ńbà. Ẹni tí ò mọ̀ á ní síkánà ń kólòlò. Ó tún wá gé ọ̀kan, 978 ṣì wà níwájú gbọingbọin, á ní sẹ́tíǹgì ò ṣiṣẹ́. Kí ni "Ilẹ̀ Ìwé" fẹ́ ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ẹ kọ "sọ nọ́ńbà ìwé di oní-10" síbẹ̀, kó mọ ohun tó ń tẹ̀.

Configure ńkọ́? "Ṣètò" ti tó, mi ò mọ ohun tẹ́ ẹ ń wá "ìṣàtúntò ìgbékalẹ̀" kiri fún.