Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ yí orúkọ fáìlì padà nínú Git, kí ìtàn wọn má sọnù

Àbúrò_Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ kóòdù fún oníbàárà kan ní Wuse. Git, ìyẹn ohun èlò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà inú kóòdù, là ń lò. Èmi ń lo Mac ní Kubwa níbí, ẹnì kan wà ní Kàdúná tó ń lo Windows, Linux sì ni server wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kóòdù náà ti máa ń ṣiṣẹ́. Orúkọ fáìlì wa ti di rúdurùdu: `Onibara.js`, `owo_tuntun.js`, `owo-Tuntun2.js`. Mo fẹ́ sọ gbogbo wọn di lẹ́tà kékeré, kí n sì kó wọn sí fódà tó yẹ wọ́n. Ọ̀gá wa kì í yé béèrè ẹni tó kọ ìlà báyìí báyìí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ìtàn sọnù. Ṣé `git mv`, àṣẹ tó ń yí orúkọ fáìlì padà, nìkan ti tó?

Ẹ̀gbọ́n_Gwarinpa
Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Git kì í kọ ọ́ síbì kankan pé fáìlì yí orúkọ padà. Ohun tó wà nínú fáìlì ló ń wò. Bí fáìlì kan bá pòórá nínú commit kan (àkójọ àyípadà tí a fi pamọ́ lẹ́ẹ̀kan), tí òmíràn sì yọjú nínú commit yẹn kan náà, á fi wọ́n wéra. Bí wọ́n bá jọra tó ìdá 50 nínú 100, á ní fáìlì kan náà ni. Kò sí oògùn kankan nínú `git mv`. Bí o bá lo `mv` lásán, tí o wá ṣe `git add -A` láti kó gbogbo àyípadà jọ fún commit, ibì kan náà lo máa já sí. Ṣùgbọ́n òun ni kí o lò, torí kì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé àtiyọ fáìlì àtijọ́ kúrò.

Orúkọ nìkan ni kó wà nínú commit yẹn o. Má tún kóòdù kọ mọ́ ọn.

Àǹtí_Jabi
Ẹ̀gbọ́n, orúkọ nìkan kẹ̀? Gbogbo ìlà `import`, èyí tí fáìlì kan fi ń pe òmíràn, á máa pe fáìlì tí kò sí mọ́. Commit tí kò ṣiṣẹ́ nìyẹn, á sì dààmú ẹni tó bá fẹ́ lo `git bisect` láti wá commit tó ba kóòdù jẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Kó tún àwọn ìlà yẹn ṣe níbẹ̀, kó fi ìyókù sílẹ̀. Ìlà méjì mẹ́ta ò lè dín ìjọra kù tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Gwarinpa
Òótọ́ lẹ sọ, àǹtí. Fáìlì kéékèèké ni kó máa ṣọ́, èyí tó jẹ́ pé `import` ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kó wo `git status` kó tó commit: bí ó bá rí `renamed`, ó dára. Bí ó bá rí `deleted` àti `new file`, kó pín iṣẹ́ náà sí commit méjì.

Ọmọ_Kàdúná
Sánnù o. Ẹ ò tíì dé ibi tó máa ta á lẹ́sẹ̀. Bí Windows àti Mac ṣe máa ń wà, lójú wọn `Onibara.js` àti `onibara.js` ò yàtọ̀, ṣùgbọ́n Linux mọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí o bá yí i padà nínú Finder, ibi tí Mac ti ń fi fáìlì hàn, Git lè máà rí nǹkan kan. Kóòdù á máa ṣiṣẹ́ fún ẹ̀yin méjèèjì, server nìkan lá máa pariwo pé òun ò rí fáìlì.

`git mv` ni kí o lò fún fáìlì. Fún fódà, gba ọ̀nà méjì, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀:

`git mv Iwe iwe-die`
`git mv iwe-die iwe`

Ẹni tó bá ní kí o sọ `core.ignorecase` (ètò tó ń sọ fún Git bóyá kó fojú fo ìyàtọ̀ lẹ́tà ńlá àti kékeré) di false, má dá a lóhùn. Git fúnra rẹ̀ ló ń yàn án bí kọ̀ǹpútà rẹ bá ṣe rí.

Àǹtí_Jabi
Ti ọ̀gá yín, `git blame`, tó ń fi ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan hàn, máa ń tẹ̀ lé orúkọ tuntun fúnra rẹ̀. `git log`, tó ń to àwọn commit lẹ́sẹẹsẹ, ni kì í tẹ̀ lé e, àfi `git log --follow -- onibara.js`, fáìlì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan sì ni.

Kí gbogbo yín ti push (kí ẹ ti fi iṣẹ́ yín ránṣẹ́ síbi tí ẹ jọ ń kó o sí) kí iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀ o. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí NEPA mú iná lọ ló máa ń gbé conflict (àyípadà tó forí gbárí) dé lọ́jọ́ kejì.

Àbúrò_Kubwa
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ní kí ti Kàdúná push kí ilẹ̀ tó ṣú. Fódà ni màá fi bẹ̀rẹ̀, fáìlì á tẹ̀ lé e.

Ọmọ_Kàdúná
Ṣe é lórí branch tirẹ̀ (ẹ̀ka ọ̀tọ̀), kí server kọ́kọ́ build e (kó kó kóòdù náà jọ, kí ẹ rí i pé ó ṣiṣẹ́) kí o tó merge, ìyẹn kí o tó dà á pọ̀ mọ́ ti gbogbo yín.