Ìdádúró àti ìfòfindè agbaṣẹ́ṣe ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà: kí ni ìyàtọ̀ wọn?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin, ṣé ọ̀kan náà ni kí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá agbaṣẹ́ṣe dúró (suspension) àti kí wọ́n fòfin dè é (debarment), kó má baà rí iṣẹ́ tuntun gbà lọ́wọ́ ìjọba?

Èsì kìíní: Rárá o. Ìdádúró máa ń wáyé nígbà tí ìwádìí ṣì ń lọ lọ́wọ́. Bí wọn kò bá sì tíì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ láàárín oṣù 12, wọ́n gbọ́dọ̀ fòpin sí ìdádúró náà, àyàfi tí agbẹjọ́rò ìjọba bá béèrè fún oṣù 6 sí i. Ẹ̀rí tó lágbára ju ti ìdádúró lọ ni ìfòfindè ń béèrè, kì í sì í sábà ju ọdún 3 lọ.

Èsì kejì: Ẹ má gbàgbé pé agbaṣẹ́ṣe ní ọjọ́ 30 láti fèsì sí ìwé tí ìjọba fi sọ fún un pé wọ́n dá a dúró tàbí pé wọ́n fẹ́ fòfin dè é. Ààbò ìjọba ni òfin náà wà fún, kì í ṣe ìjìyà, nítorí náà ilé iṣẹ́ tó bá ti lé àwọn oníwà ìbàjẹ́ jáde, tó sì tún ìṣe rẹ̀ ṣe, lè bọ́ lọ́wọ́ ìfòfindè.

Olùbéèrè: Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Èsì kìíní: Ó lè máa bá a lọ, àyàfi tí ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ìjọba náà bá sọ pé kó dúró. Iṣẹ́ tuntun ni kò ní rí gbà.