Ìyá mi ò yára rìn mọ́: ọ̀dọ̀ ta ni kí n mú wọn lọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìyá mi pé ẹni ọdún 74 lóṣù tó kọjá. Nígbà kan, èmi ni mo máa ń sáré tẹ̀lé wọn lọ́jà Bódìjà. Ní báyìí, èmi ni mò ń dúró dè wọ́n. Wọ́n ní àgbà ló dé, pé kò síbi tó ń dun àwọn. Ẹ sáà mọ àwọn ìyá wa, wọn kì í jẹ́wọ́ ìrora.

Mo fi téèpù wọn mítà 4 ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì fi fóònù ka àkókò ìrìn wọn lẹ́ẹ̀mẹta: bí ìṣẹ́jú àáyá 6 ló ń gbà wọ́n. Ìyẹn ò tó mítà 0.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mo sì kà á pé bí kò bá ti tó 0.8, ó yẹ kí wọ́n yẹ àgbàlagbà wò. A ti pààrọ̀ bàtà, a ti lọ wo ojú. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ńkọ́? Wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

Ta ni kí n kọ́kọ́ mú wọn lọ bá: dókítà tó ń rí sí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ni, àbí àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé ara?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.