Wọ́n yí orúkọ ìjọ wa padà: ṣé orúkọ tí ìjọ ń jẹ́ já mọ́ nǹkan?

Ọmọ Akọrin
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti wà nínú ìjọ kan náà. Lóṣù tó kọjá, àwọn àgbà yọ orúkọ tí a ti ń jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kúrò lára pátákó, wọ́n fi òmíràn tó dùn létí rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní ti àtijọ́ ń lé àwọn ọ̀dọ́ sá. Ẹ̀kọ́ ò yí padà, pásítọ̀ ò yí padà. Síbẹ̀, bí mo ṣe rí pátákó yẹn, omi bọ́ lójú mi. Ìyàwó mi ní ṣe ni mò ń ṣe bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí?

Akàwé
Ìjọ Sárdì náà ní orúkọ pé ó wà láàyè, àmọ́ òkú ni. Ìfihàn 3:1.

Arìnrìnàjò
Èmi náà rò tẹ́lẹ̀ pé orúkọ ò já mọ́ nǹkan. Nígbà tí mo kó lọ sí ìlú mìíràn, mo rí ìjọ kan tó jẹ́ pé "ìdílé" àti "ìyè" nìkan ló wà lára pátákó wọn. Orin wọn dùn, wọ́n kó mi mọ́ra. Oṣù mẹ́jọ ni mo lò níbẹ̀, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n tó pè mí sí kíláàsì àwọn ọmọ ìjọ tuntun. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ìrìbọmi tí mo ṣe lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún ò ní láárí, àfi kí n tún un ṣe. Ká ní wọ́n kọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ síta ni, ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ ni ǹ bá ti béèrè. Kì í ṣe ìrìbọmi ló dùn mí. Wọ́n jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn tán kí wọ́n tó sọ.

Ìyá Ìbejì
"Fẹ́ràn wọn tán kí wọ́n tó sọ." Àbúrò, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Tèmi tiẹ̀ yàtọ̀: ìjọ tí mo ti kúrò àti èyí tí mo lọ, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, kò fi lẹ́tà kan yàtọ̀. Mo mú ìwé ìrìbọmi mi lọ, wọ́n ní àwọn àti àwọn yẹn ti pínyà tipẹ́, àwọn ò mọ̀ wọ́n rí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi jókòó sẹ́yìn nígbà tí àwọn yòókù ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa.

Ẹni Jẹ́jẹ́
Ọdún méjì! Ẹ pẹ̀lẹ́ mà.

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ìjọ àkọ́kọ́ ò ní pátákó. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí Kọ́ríńtì, "ìjọ Ọlọ́run" ló pè wọ́n. Nínú Róòmù 16, ó kí àwọn ará Róòmù láti ọ̀dọ̀ àwọn ìjọ Kristi, nínú orí kan náà ó kí ìjọ tó wà nílé Pírísílà àti Àkúílà. Àwọn tó fẹ̀sùn kan Pọ́ọ̀lù ló pe àwọn ọmọlẹ́yìn Jésù ní ẹ̀yà àwọn ará Násárétì. "Kristẹni" pàápàá, ohun tí Ìṣe 11:26 sọ ni pé Áńtíókù ni a ti kọ́kọ́ pè wọ́n bẹ́ẹ̀, kò sọ pé àwọn ló sọ ara wọn. Ẹ wo Mẹ́tọ́díìsì: orúkọ yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi pe Wesley, oníwàásù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford. Quaker, ìyẹn ẹni tó ń wárìrì, ńkọ́? Lọ́dún 1650, ní Derby, adájọ́ kan ló fi orúkọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ George Fox, aṣáájú wọn, torí Fox ní kó máa wárìrì níwájú ọ̀rọ̀ Olúwa. Martin Luther, ẹni tí ìjọ Luther ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, sì bẹ àwọn èèyàn lọ́dún 1522 pé kí wọ́n má fi orúkọ òun pe ara wọn. Ta ló gbọ́? Nítorí náà, Ọmọ Akọrin, orúkọ á máa wá, á máa lọ.

Ọmọ Pásítọ̀
Ẹ ṣeun sà. Ṣùgbọ́n bí orúkọ ò bá já mọ́ nǹkan, kí ni Luther ń bẹ̀bẹ̀ sí?

Arìnrìnàjò
Gbà á bẹ́ẹ̀!

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi
Ọmọ Pásítọ̀, o mú mi níbẹ̀. Jẹ́ kí n lọ rò ó.

Alàgbà
Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Lọ́dún 1860, ní Battle Creek ní Amẹ́ríkà, àwọn kan péjọ láti yan orúkọ. James White àti àwọn mìíràn fẹ́ "Ìjọ Ọlọ́run". Àwọn kan ní rárá, àwọn ìjọ mìíràn ti ń jẹ́ ẹ, ó sì máa dà bí ìgbéraga. Adventist Ọjọ́ Keje ni wọ́n mú. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ti mọ̀ pé wọ́n ń pa ọjọ́ keje mọ́, wọ́n sì ń retí ìpadàbọ̀ Jésù. Èmi kì í ṣe ọ̀kan lára wọn, ṣùgbọ́n wọn ò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Akàwé
Ẹni tó bá ní "Ìjọ Ọlọ́run" ni tòun, ti ta wá ni tàwọn yòókù?

Ọmọ Pásítọ̀
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú mà, ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù náà tún àwọn kan rì bọmi ní Éfésù. Ìṣe 19.

Ìyá Ìbejì
Ọmọ mi, tún orí yẹn kà. Ìrìbọmi Jòhánù ni àwọn bí ọkùnrin méjìlá yẹn ti ṣe, wọn ò tiẹ̀ tíì gbọ́ pé Ẹ̀mí Mímọ́ wà. Lórúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ ni wọ́n rì mí bọmi.

Akàwé
Ìṣe 2:38 ní lórúkọ Jésù Kristi.

Ìyá Ìbejì
Mátíù 28:19 ńkọ́? Ẹnu Jésù fúnra rẹ̀ ló ti jáde.

Alàgbà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin méjèèjì, àríyànjiyàn yìí ti dàgbà ju gbogbo wa lọ.

Ẹni Jẹ́jẹ́
Mi ò mọ ìwé tó yín. Bàbá mi ti darúgbó, ó ti gbàgbé orúkọ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá orúkọ ìjọ rẹ̀ àtijọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, á sì kọ ọ́ dópin. Ọmọ Akọrin, bí ẹ bá sunkún, ẹ sunkún o.

Ọmọ Akọrin
Ẹni Jẹ́jẹ́, mo ka tìrẹ fún ìyàwó mi, òun náà sunkún. Mo lọ béèrè ibi tí wọ́n gbé pátákó àtijọ́ sí. Ó wà lẹ́yìn yàrá akọrin, wọ́n dojú rẹ̀ kọ ògiri. Mo ti bẹ àwọn àgbà kí wọ́n jẹ́ ká gbé e kọ́ sínú yàrá wa.

Ìyá Ìbejì
Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n gbà. Akàwé, mò ń dúró dè ọ́ lórí Mátíù 28 o.