Atẹ́gùn ò le, ìgbì ò ga, kí ló dé tí ẹnu ọ̀nà èbúté fi ń ru?

Atukọ̀Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo àsọtẹ́lẹ̀ yìí. Apá gúúsù agbedeméjì ayé ni, etíkun tó kọjú sí òkun gbalasa:

Atẹ́gùn: láti gúúsù-ìlà-oòrùn, knot (ìwọ̀n eré lójú omi) 10 sí 12
Ìgbì lápapọ̀: mítà 1.8
Ìgbì atẹ́gùn: mítà 0.9, ìṣẹ́jú-àáyá 5
Swell (ìgbì tó ti ọ̀nà jíjìn rìn wá): láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, mítà 1.6, ìṣẹ́jú-àáyá 15
Òjò àti àrá níbì kọ̀ọ̀kan

Bóòtù mítà 7 ni, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde jìn tó mítà 3.5 nígbà tí omi bá kún, ó máa ń kù sí 2.5 tó bá fà tán. Lójú tèmi, knot 12 ò tó nǹkan, òkun níta sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Àmọ́ ìgbì ń wó lulẹ̀ gbàà ní ẹnu ọ̀nà yẹn. Ṣé 1.8 àti 1.6 la máa rò pọ̀ ni? Kí ni kí n wò kí n tó mọ̀ pé ó ṣeé jáde?

Ìdákọ̀ró

Ẹ má rò wọ́n pọ̀. 1.8 yẹn ti kó méjèèjì sínú. 0.9 lọ́nà 0.9 jẹ́ 0.81, 1.6 lọ́nà 1.6 jẹ́ 2.56, àpapọ̀ wọn jẹ́ 3.37. Nọ́ńbà tó máa fún wa ní nǹkan bíi 3.37 tí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ni 1.8.

Nọ́ńbà tó ń bá yín jà ni 15, ẹ sì fò ó dá. Ìyẹn ni àkókò láti orí ìgbì kan sí orí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi àkókò yẹn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 1.56 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ti mọ gígùn ìgbì náà lójú omi jíjìn nìyẹn. Ìṣẹ́jú-àáyá 15 á fún yín ní nǹkan bíi mítà 350. Ìṣẹ́jú-àáyá 5 ò ju mítà 39 lọ. Ìgbì sì máa ń fara kan ilẹ̀ òkun níbi tí omi bá ti jìn tó ìdajì gígùn rẹ̀. Swell yín ti ń fara kan ilẹ̀ láti ibi tí omi ti jìn tó mítà 175. Ìgbì atẹ́gùn ò ní mọ̀ pé ilẹ̀ wà títí omi á fi kù sí nǹkan bíi 20.

Tó bá ti kan ilẹ̀, eré rẹ̀ á dín kù, ṣùgbọ́n agbára tó gbé wá ò lọ síbì kankan, ó di dandan kó ga sókè. Mítà 1.6 tó jẹ́ ti ìṣẹ́jú-àáyá 15 máa di nǹkan bíi 2.3 tó bá dórí omi mítà 3.5. Ká ní ti ìṣẹ́jú-àáyá 7 ni, agbára káká ló máa fi tó 1.7. Ìgbì á wá wó tí gíga rẹ̀ bá ti tó nǹkan bíi 0.78 jíjìn omi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lórí omi 3.5, ìyẹn jẹ́ 2.7: ọ̀pọ̀ á kọjá lóòró, àwọn ńlá inú wọn á wó. Lórí omi 2.5, 1.95 ni, bẹ́ẹ̀ swell yẹn á ti ga tó 2.5 níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ga á wó níbẹ̀.

Ẹ tún rántí pé 1.6 kì í ṣe gíga ìgbì tó ga jù. Ìdá kan nínú mẹ́ta tó ga jù ni wọ́n kó jọ, tí wọ́n mú ìpíndọ́gba rẹ̀. Nínú ẹgbẹ̀rún ìgbì, ọ̀kan á súnmọ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, ẹgbẹ̀rún ìgbì yẹn sì máa ń kọjá láàárín wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀.

EtíOmi

Ẹ̀yin náà ti sọ ọ́ di ìṣirò. Ẹ dúró lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ wò ó. Tó bá dákẹ́, ẹ ṣíná sí i kí ẹ kọjá.

Ìdákọ̀ró

@EtíOmi, ìgbì 12 péré lẹ máa rí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Swell máa ń rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́: ọ̀wọ́ ńlá á dé, ojú omi á dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, òmíràn á tún dé. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló ń tan èèyàn wọnú ẹ̀. Ó kéré tán, ẹ fi 20 ìṣẹ́jú wò ó kí ẹ lè rí ìgbì 80.

Ẹ wo ìṣàn omi náà. Nígbà tí omi bá ń fà jáde, ó ń lọ pàdé swell tó ń wọlé, ìgbì á sún mọ́ra, iwájú rẹ̀ á dúró ṣánṣán bí ògiri. Ìgbà yẹn burú jù. Ìgbà tó dáa ni wákàtí kan tàbí méjì tó gbẹ̀yìn kí omi tó kún tán. Tẹ́ ẹ bá sì ń padà wọlé, ẹ̀yìn ìgbì kan ni kí ẹ dúró sí. Ẹ má bá a sáré débi tí imú bóòtù á fi yọ níwájú rẹ̀, kó má di pé imú kì wọnú omi, kí ìdí wá yí dá bóòtù síbùú. Ẹ tún ro àárọ̀ pọ̀ mọ́ ìrọ̀lẹ́: ọ̀nà tó ṣeé gbà jáde nígbà tí omi kún lè má ṣeé gbà wọlé ní wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn náà.

ÌkúùkùuDúdú

Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ ìgbì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan "òjò àti àrá níbì kọ̀ọ̀kan". Knot 12 yẹn jẹ́ ti gbogbo àgbègbè. Ọ̀pọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ tí a ń rí lórí fóònù pín òkun sí àpótí àpótí, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì lè fẹ̀ tó kìlómítà 28. Ìjì òjijì tí ò fẹ̀ ju kìlómítà 5 lọ ò lè hàn nínú ẹ̀. Kódà láìsí ìjì, atẹ́gùn lè ta lójijì kó fi ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ju ohun tí wọ́n kọ lọ. Lábẹ́ ìkúùkùu òjò, knot 12 lè di 35. Agbára atẹ́gùn ò sì ń lọ ní ẹyọ kan sí ẹyọ kan: tí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po mẹ́ta, bó ṣe ń ti bóòtù á di ìlọ́po mẹ́sàn-án.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé omi òjò ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́ bó ṣe ń bọ̀, afẹ́fẹ́ yẹn á tutù, á wúwo, á já wálẹ̀, á lu omi, á tàn káàkiri. Ìdí nìyẹn tí atẹ́gùn fi sábà máa ń ṣáájú òjò, tí òtútù á sì kọ́kọ́ bà yín lára. Tí ìdí ìkúùkùu bá dúdú tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ẹ ò rí ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé omi lábẹ́ ẹ̀ mọ́, tàbí tí ìlà funfun ń sáré bọ̀ lójú omi, ọ̀rọ̀ ti dọ́wọ́ yín. Kí gbogbo èèyàn wọ ẹ̀wù tó ń léni lórí omi, ẹ di gbogbo ohun tó lè fò mọ́lẹ̀, ẹ ka ibi tẹ́ ẹ wà lórí GPS, ẹ tan iná bóòtù, ẹ kọ imú sí atẹ́gùn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ má sá lọ sétí ilẹ̀. Ó sábà máa ń kọjá kí wákàtí kan tó pé. Lójú òkun ilẹ̀ olóoru, òjò báyìí wọ́pọ̀ jù ní òru sí ìdájí, torí náà ẹni tó ń jáde ní aago mẹ́rin òru ò lè gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan.

Atukọ̀Tuntun

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè méjì ló kù. Bàròmítà (ẹ̀rọ tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ ilẹ̀ tó, hPa ni ìwọ̀n rẹ̀) jẹ́ 1012 hPa ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ó di 1009 ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ṣé ìjì ń bọ̀ ni? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé swell yìí ti ń kú lọ?

ÌkúùkùuDúdú

Ìyẹn ò tíì tó ohun à ń bẹ̀rù. Ní ilẹ̀ olóoru, bàròmítà máa ń ga ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, lọ́sàn-án àti lóru, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Ìyàtọ̀ tó 3 hPa lójoojúmọ́ ò ṣàjèjì. Aago mẹ́rin ti òní ni kí ẹ fi wé aago mẹ́rin ti àná. Tó bá fi 3 hPa lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ ní wákàtí yẹn, ẹ fura. Tó bá tó 5, ìjì ńlá ò jìnnà mọ́, ẹ má kúrò ní èbúté.

Ìdákọ̀ró

Ní ti swell, àkókò ni kí ẹ máa ṣọ́. Ìgbì tí àkókò rẹ̀ gùn ló ń yára jù: eré ọ̀wọ́ ìgbì ní knot súnmọ́ àkókò náà lọ́nà 1.5. Ti ìṣẹ́jú-àáyá 15 ń sáré tó knot 23, ti 10 ò ju 15 lọ. Torí náà tí 15 bá di 13, tó di 11 láàárín ọjọ́ méjì, ìrù rẹ̀ lẹ̀ ń rí yẹn. Àmọ́ tí ẹ bá rí mítà 0.4 péré níbi tí wọ́n kọ ìṣẹ́jú-àáyá 19 sí, aṣáájú òmíràn ni. Ìgbì tó ga gan-an á dé lọ́la tàbí ọ̀tunla.