Irun àti awọ fún ẹni tí kò ráyè, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́Berger
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Òjòdú Berger ni mò ń gbé, Ìsàlẹ̀ Èkó ni iṣẹ́ wà. Aago márùn-ún ìdájí ni mò ń jáde, aago mẹ́jọ alẹ́ ni mò ń wọlé, ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ráyè orí mi. N kò fi rìlásà sírun. ₦15,000 ni agbára mi ká lóṣù fún irun àti awọ pọ̀. Irun etí mi ti ń ṣí, attachment sì máa ń yún mi lọ́rùn. Kí ni kí n rà, kí ni kí n jáwọ́ ńbẹ̀?

OnídìríMushin
Àbúrò, ti etí yẹn ni ká kọ́kọ́ mú, torí àwọn tó kù ṣeé tún ṣe. Irun etí àti ti iwájú orí fẹ́lẹ́ ju ti àárín lọ. Bí wọ́n bá dì í le, tí wọ́n tún so attachment tó wúwo mọ́ ọn, ṣe ni yóò máa fà á tu láti ìdí. Bí wọ́n bá dìrí fún ọ tán tí ojú rẹ fà sókè, tí o kò lè forí lé ìrọ̀rí, tí ìdí irun sì wú róńdó-róńdó, dídì náà ti le jù. Wọ́n á ní yóò dẹ̀ tó bá dọ̀la, má gbà. Panadol kò wo ìyẹn. Ní kí wọ́n tú ìlà iwájú lójú ẹsẹ̀. Irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí á hù padà bí o bá fún un nísinmi oṣù mélòó kan, àmọ́ bí fífà náà bá ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún, àpá ni ìdí irun máa dà, kò sì sí àdí tó lè mú un hù mọ́.

Bí o bá tún jókòó síwájú onídìrí, sọ fún un kó yọ irun etí sílẹ̀ ní ìbú ìka kan, kó má dì í rárá. Irun tìrẹ ni kó fi bẹ̀rẹ̀ ìlà, kó tó máa fi attachment lé e díẹ̀díẹ̀, kí gígùn rẹ̀ má sì kọjá èjìká. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́yọ kọ̀ọ̀kan ló ń dì, kí ìpín kọ̀ọ̀kan tó èékánná àtàǹpàkò. Ìpín tó kéré ju ohun tí wọ́n so mọ́ ọn lọ ló máa ń já.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kó lò lórí, bó pẹ́ tán mẹ́jọ. Irun ń hù tó sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, èyí tó sì ń rẹ̀ fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́ (50 sí 100) kò rọ́nà bọ́ sílẹ̀, ìdí ló ti ń lọ́ pọ̀ mọ́ra. Bí omi bá kàn án kí o tó tú lílọ́ yẹn, ó di kókó nìyẹn, àlùmọ́gàjí ló kù. Nítorí náà, bí o bá ń tú u, fi àdí sọ́wọ́, fi ìka yà á nígbà tó ṣì gbẹ, kí òòyà tó débẹ̀. Má jáyà bí ohun tó jáde bá pọ̀. Mú ẹyọ kan wò níbi ìmọ́lẹ̀: èyí tó ní kókó funfun tíntín nídìí, ó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, èyí tó kúrú, tí kò ní kókó, ṣe ló já. Òun ni kí o máa ṣọ́.

Ọmọ_Kẹ́mísìtì
Ní ti yíyún, attachment ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Ohun tí wọ́n fi ń pa á lára ní ilé iṣẹ́, awọ ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbà á. Má gbé e láti inú ọ̀rá sórí. Da omi lítà mẹ́rin sínú bàsíà, fínígà kọ́ọ̀pù kan, kí o rì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Má tú rọ́bà tó dì í, kó má baà lọ́. Wàá rí nǹkan funfun tó léfòó. Dà á nù, ṣan án títí omi rẹ̀ á fi mọ́, fi kọ́ sórí okùn kó gbẹ mọ́jú.

Bí yíyún kò bá lọ lẹ́yìn tí o ti tú irun, tí èépá sì ń lẹ̀ mọ́ orí, ra ṣáńpù ketoconazole 2%. Fi pa awọ orí, fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 kí o tó ṣan án, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Lásìkò yẹn, àdí kò gbọdọ̀ kan awọ orí, torí ọ̀rá ni kòkòrò tó ń fa èépá náà ń jẹ. Bó bá ṣe roboto, tí irun ibẹ̀ já mọ́lẹ̀, làpálàpá nìyẹn. Oògùn mímu ló ń wò ó, dókítà ló sì ń kọ ọ́.

ÌyáÌlàrí
Owó attachment yìí, kò pọn dandan kó máa jáde lóṣooṣù. Òwú ìkórun ńkọ́? Ó ṣeé fọ̀, ó ṣeé tún lò. Lálẹ́ Àìkú, lẹ́yìn fífọ̀, pín irun sí mẹ́rìnlá tàbí mẹ́rìndínlógún. Kó ní ọ̀rinrin díẹ̀ lára, kó má rin gbindin, torí irun tó rin nínú òwú kì í gbẹ mọ́jú, òórùn ló ń mú wá. Yí òwú mọ́ ìdí lẹ́ẹ̀mejì láì fún un, wé e lọ ní jíjìnnà síra títí dé ṣóńṣó, kí o so ó. Bí o bá tú u ní ìdájí Ajé, irun á ti nà láìfi iná kàn án, wàá kàn kó o sẹ́yìn ni. Bí o bá fẹ́ kó pẹ́, ní kí wọ́n di ṣùkú tàbí pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú irun tìrẹ nìkan. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Fífọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì tó. Pín orí sí mẹ́rin. Ṣíbí ìjẹun méjì ṣáńpù sínú ìdajì píọ̀wọ́tà, gbọ̀n ọ́n nínú ìgò, dà á sí awọ orí, ọmọ ìka ni kí o fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe èékánná. Ìfófòó tó ń ṣàn wálẹ̀ ti tó fún ṣóńṣó. Kọndíṣánà ló wà fún ṣóńṣó: nígbà tó ṣì wà lórí ni kí o fi òòyà eléyín fífẹ̀ yà á, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ òòyà láti ìdí, ó ń já irun ara rẹ̀ ni.

Ṣadé_Yábà
Ìyá, ọṣẹ dúdú ńkọ́? Kò wọ́n tó ṣáńpù.

ÌyáÌlàrí
Ó dára fún ara. Fún irun, eérú inú rẹ̀ mú kó le jù: pH rẹ̀ (ìwọ̀n tó ń fi hàn bí nǹkan ṣe kan tàbí ṣe le tó) sábà máa ń wà láàárín 9 àti 10, irun sì fẹ́ èyí tó kéré sí 7. Bí omi bóòhóòlù yín bá tún jẹ́ èyí tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, nǹkan funfun á lẹ̀ mọ́ irun, á wá le gbagidi. Bí kò bá sí òmíràn, yọ́ ìwọ̀n ṣíbí tíì kan sínú píọ̀wọ́tà odindi, lẹ́yìn rẹ̀ kí o fi ṣíbí ìjẹun fínígà kan nínú kọ́ọ̀pù omi méjì ṣan án.

Òrí ni kí ẹ náwó lé. Ṣùgbọ́n omi ló ń mú irun rọ̀, òrí kàn ń dè é mọ́bẹ̀ ni. Ẹ fín omi díẹ̀ sí i kí òrí tó tẹ̀lé e, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Òrí gidi funfun, ó fẹ́ pọ́n díẹ̀, ó sì máa ń yọ́ lórí àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó rí bí àwọ̀ ìyeyè lọ́jà, wọ́n sábà máa ń fi àwọ̀ sí i. Bó bá le jù, ẹ mú òrí agolo mílíìkì kan àti àdí àgbọn ṣíbí ìjẹun méjì, ẹ gbé abọ́ rẹ̀ sínú omi gbígbóná, ẹ máà gbé e kaná. Tó bá yọ́ tán, ẹ gbé e sí fìríìjì kíákíá. Bó bá rọra tutù fúnra rẹ̀, á ṣe sáńrásáńrá.

Ọmọ_Kẹ́mísìtì
Ti ojú kò le. Fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́ pẹ̀lú ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà, láìfi kànrìnkàn kàn án. Òrí àti àdí àgbọn lè dí ihò awọ, kí wọ́n mọ sí ara bí o bá ní irorẹ́. Fún irorẹ́, ìpara benzoyl peroxide 2.5% tàbí 5% ni kí o fi pa á, fẹ́lẹ́, lálẹ́. Ó máa ń bó àwọ̀ aṣọ, àpò ìrọ̀rí funfun ni kí o lò. Má fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ojú, òun àti oòrùn máa ń jó awọ.

Èyí tí mo bẹ̀ ọ́ sí jù lọ: má ra ìpara àpòpọ̀ inú ike tí kò lórúkọ, tí wọ́n ní yóò sọ ọ́ di pupa láàárín ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ti rí steroid, hydroquinone (oògùn tó ń bó àwọ̀ ara) àti mercury nínú irú wọn. Steroid máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́, egbò kékeré kì í jinná bọ̀rọ̀; mercury máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Wo nọ́ńbà NAFDAC, kí o sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ṣadé_Yábà
Wíìgì náà wúlò, bí kò bá gba gúlúù. Èyí tó ní rọ́bà tó ṣeé fún ni kí o rà, fi fìlà sátínì sábẹ́ rẹ̀, bọ́ ọ gbàrà tí o bá wọlé. Gúlúù ló ń ká irun iwájú lọ.

Àbẹ̀kẹ́Berger
Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ bá mi pín owó náà. Òjò tún máa ń pa mí lọ́nà, kí ni kí n ṣe bí attachment bá rin?

OnídìríMushin
Oṣù kìíní, má dìrí rárá, kí etí sinmi. Fìlà sátínì ni kí o kọ́kọ́ rà, torí ìrọ̀rí olówùú máa ń fa omi inú irun mọ́jú. Lẹ́yìn náà òrí, òwú, ṣáńpù, kọndíṣánà. Ti ọjà Balógun sábà máa ń dínwó ju ti ṣọ́ọ̀bù àdúgbò lọ. Yàtọ̀ sí kọndíṣánà, gbogbo wọn máa kọjá oṣù kan, nítorí náà owó oṣù kejì lè jẹ́ ti onídìrí, bí etí bá ti ń hù.

Bí òjò bá pa á, fi tííṣáàtì àtijọ́ fún omi rẹ̀, má fi aṣọ ìnura nù ún. Má kó o jọ ní gógóró, má sì fi fìlà dé e nígbà tó ṣì rin. Ìdí ló yẹ kó kọ́kọ́ gbẹ: jókòó síwájú fáànù, máa yà á sọ́tùn-ún sósì. Bí iná kò bá sí, pín in sí ìdì mẹ́rin kí atẹ́gùn ráyè wọlé, kí awọ orí sì gbẹ kí o tó sùn. Bó bá ń rùn lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tú u, bó ti wù kó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ dídì tó.